Ẹ̀bùn J. C. Daniel kì í ṣe ti gbogbo Íńdíà

Ẹ̀gbọ́n tó kọ ọ́ pé ẹ̀bùn J. C. Daniel ni ìjọba àpapọ̀ Íńdíà fi ń yẹ́ òṣèré tó bá mókè lọ́dọọdún sí, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kerala ló ni ín. Iṣẹ́ tí èèyàn ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nínú sinimá èdè Malayalam, èdè àwọn ará Kerala, ni wọ́n ń wò, kì í ṣe fíìmù ọdún kan. Ẹ̀bùn Dadasaheb Phalke ni ti ìjọba àpapọ̀.

Kò sì mọ sọ́dọ̀ òṣèré. T. E. Vasudevan tó kọ́kọ́ gbà á ní 1992, ẹni tó ń gbé fíìmù jáde ni. Olórin ni P. Jayachandran, òun náà gbà á.

Daniel fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀bùn náà ńkọ́? Òun ló ṣe fíìmù àkọ́kọ́ ní Kerala, èyí tí kò ní ohùn. Ó mú P. K. Rosy, ọmọ Dalit, ìran tí wọ́n kà sí ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá ní Íńdíà, pé kó ṣe obìnrin ìdílé ńlá nínú fíìmù náà. Inú bí àwọn ọmọ ọlọ́lá (ọlọ́lá lẹ́nu ara wọn!), wọ́n gbógun ti ọmọbìnrin náà títí ó fi sá kúrò nílùú. Daniel wọ gbèsè, kò sì ṣe fíìmù mìíràn mọ́ títí ó fi kú ní 1975.