Ta Ló Ní Kí Òǹkọ̀wé Jókòó De Ìmísí?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó máa ń fi ìtàn tí ó bá kọ hàn mí sọ fún mi pé odindi oṣù mẹ́jọ ni òun kò fi kọ ohunkóhun. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, mo sì kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ó rí àyè. Ó ní rárá, àyè wà, ìmísí ni kò tíì dé. “Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá ti dé báyìí, ẹ óò rí i.” Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú, ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó dúró sí ibùdókọ̀, tí ó sì dá a lójú pé ọkọ̀ ń bọ̀. Èmi náà ti dúró sí ibùdókọ̀ yẹn rí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, nítorí náà n kò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ yẹ ìgbàgbọ́ tí ó dá a dúró síbẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà á láìbéèrè: pé ìtàn àròsọ máa ń ti ibì kan wá bà lé òǹkọ̀wé, pé ẹni tí kò bá tíì bà lé kò ní ohun tí yóò kọ, àti pé àwọn òǹkọ̀wé ńlá wa di ńlá nítorí pé ó ń bà lé wọn ju àwọn yòókù lọ. Bí a bá wo ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ìwé wọn, ìgbàgbọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mímí ni ó wà nínú ìmísí: ẹnì kan mí sí ẹlòmíràn, ẹni tí a mí sí sì wá ní ohun tí kò ní tẹ́lẹ̀. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ bá a pàdé, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Nínú lẹ́tà kejì sí Tímótì, ìwé mímọ́ ni a sọ pé ó ní ìmísí Ọlọ́run, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá mú ọ̀rọ̀ tí ó yẹ wòlíì, tí a sì fi sọ ẹni tí ó ń kọ ìtàn nípa ọkọ tí kò padà wálé lálẹ́ Àìkú, a ti di ẹrù wòlíì lé e lórí: kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó máa fetí sílẹ̀, kí ó má ṣe fi tirẹ̀ kún un. Orúkọ tí àwa fúnra wa fún iṣẹ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn àròsọ ni a ń pè é, ohun tí a rò tí a sì sọ. Èyí tí wọ́n ń fún wa ṣe ní ilé ìwé, àròkọ ni, a rò ó, a sì kọ ọ́. Kò sí èémí ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, àfi ìrònú ẹni tí ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí ó ń fi ẹnu ṣe iṣẹ́ yìí kí ìwé tó dé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tí àwọn ọmọ yí ká lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ kò lè sọ fún wọn pé àlọ́ kò tíì bà lé òun. Bí wọ́n bá ti jókòó, ó ti di dandan kí ó pa á. Ọmọ tí ó fẹ́ di oníjàálá a máa tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ láti òde dé òde, yóò máa gbọ́, yóò máa wí tẹ̀lé e, kí ó tó dá dúró láàárín àwọn ọdẹ. Ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ń dún lẹ́nu rẹ̀, tí àwa tí a ń gbọ́ fi ń rò pé ó ṣàdédé ń bọ̀ ni.

Àpẹẹrẹ tí ó já ìgbàgbọ́ náà gbà lọ́wọ́ mi kì í ṣe ti òǹkọ̀wé tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní oṣù Keje 1929, Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí ó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Obìnrin náà ti ń dàgbà, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó sì ń jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé bí òun ti ṣe lo ẹwà òun àti àìmọye ọkùnrin nígbà èwe òun. Àwọn lẹ́tà náà ń bọ̀ títí di oṣù Kẹta 1930, wọ́n sì kó wọn jọ di ìwé ní ọdún yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni ó ń kọ wọ́n, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó ń kọ ọ́.

Ẹ ro ipò tí ọkùnrin yìí wà wò. Ìròyìn wà tí ó gbọ́dọ̀ wá, ìpolówó ọjà wà tí ó gbọ́dọ̀ gbà, àṣìṣe òǹtẹ̀wé wà tí ó gbọ́dọ̀ tún ṣe, ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìsí ìsinmi. Lẹ́yìn gbogbo èyí, àyè kan ṣì wà nínú ìwé ìròyìn tí ó ń dúró de Sẹ̀gilọlá, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó ti fi owó rẹ̀ ra ìwé fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí tí ó kà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí ìmísí bá kọ̀ láti wá ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé, kí ni yóò wà lójú ewé náà? Thomas kò ní àyè láti béèrè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ka iṣẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí ibi tí ó ti ń bu nǹkan: àwọn orin tí ará Èkó kọ ní sáà kan sí èkejì, àdúgbò àti òpópónà tí òǹkàwé lè fẹsẹ̀ rìn dé, ẹsẹ Bíbélì, orin ìsìn, òwe, àti irú ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà obìnrin Èkó máa ń sọ bí ó bá ń rántí ayé àtijọ́. Kódà, lẹ́tà sí olóòtú tí ó fi ṣe àwọ̀ ìtàn náà jẹ́ ohun tí ó ń wọlé sórí tábìlì rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó ṣà jọ. Ohun tí ó fi kún un ni ìbéèrè kan ṣoṣo: bí ó bá jẹ́ pé obìnrin náà gan-an ni ó ń sọ̀rọ̀, tí ojú ń tì í, tí ìgbéraga rẹ̀ kò sì tíì tán, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni ó gba iṣẹ́. Mo sì rò pé ìdí tí àwọn ènìyàn fi gbà á gbọ́ ni pé ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn mọ̀ ni ó fi kọ́ irọ́ náà.

Lórí òǹkọ̀wé D. O. Fágúnwà ni ìgbàgbọ́ yìí ti gbilẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tí ó máa ń fi ìdánilójú sọ fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé pé Fágúnwà ti bá iwin jẹun rí kí ó tó lè kọ nípa wọn. Olùkọ́ ni Fágúnwà ní Ọ̀yọ́, ní St. Andrew’s College. Ìdíje ìwé kíkọ kan tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìgbà náà gbé kalẹ̀ ni ó kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ fún, ìyẹn Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Ẹni tí ó ti kópa nínú ìdíje rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ọjọ́ tí wọn kì í gba ìwé mọ́ wà, ẹnì kan sì wà tí yóò ṣe ìdájọ́. Ibi tí ó ti bu nǹkan kò farasin: ìtàn àwọn ọdẹ, àlọ́, òwe, Bíbélì, àti ìtàn èrò mímọ́ tí John Bunyan, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ, tí àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ sí Yorùbá kí wọ́n tó bí i.

Ìdí tí irú ìtàn tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń sọ fi rọrùn láti gbà gbọ́ wà nínú ìwé náà fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin àgbà kan tọ ẹni tí ó ń kọ ìtàn wá, ó sì ní kí ó mú kálàmù àti ìwé, kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé òǹkọ̀wé kò ṣe ju pé ó gbọ́ ó sì kọ ọ́ lọ. Ọgbọ́n ni èyí. Fágúnwà ni ó dá ọkùnrin náà, àga tí ó jókòó lé, àti ìwé tí wọ́n ń kọ. Ìmísí tí a rí níbẹ̀, àròsọ ni òun náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò dárúkọ Amos Tutùọlá, n kò sì ní sọ pé kò ní ẹ̀rí. Iṣẹ́ òjíṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó ń ṣe ní ẹ̀ka tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó, iṣẹ́ tí ó máa ń jẹ́ kí ó jókòó pẹ́ láìṣe nǹkan kan, àkókò yẹn ni ó sì fi ń kọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ọjọ́ díẹ̀ ni òun fi kọ ìtàn ọ̀mùtí ẹlẹ́mu, The Palm-Wine Drinkard, sílẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Apá yìí ni a máa ń tún sọ. A kì í sábà sọ apá kejì, pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ó tún fi ń fẹ̀ ẹ́, tí ó ń fi kún un, àti pé ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ní oko ni ó ti gbọ́ ìpìlẹ̀ ìtàn náà. Àwọn onímọ̀ sì ti tọ́ka sí àwọn ibi tí ó ti yá lára Fágúnwà. Ọjọ́ díẹ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n àwọn àlọ́ tí ó ti ń gbọ́ láti kékeré ni ó dà jáde ní ọjọ́ díẹ̀ náà.

Àwọn òyìnbó náà ní irú rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ojú àlá ni Mary Shelley, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí ìtàn abanilẹ́rù rẹ̀, Frankenstein, ní etí adágún Geneva ní 1816. Òun gan-an ni ó sọ ọ́, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó kọ ní 1831. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn kan náà sọ pé ó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá ìtàn tì, nítorí pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi ara wọn sí ìdíje ìtàn abanilẹ́rù, àti pé wọ́n ti sọ̀rọ̀ títí di òru nípa ohun tí ó ń fún ẹ̀dá ní ìyè kí ó tó lọ sùn. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wà ní Oxford títí di òní, ìgékúrò àti àtúnṣe sì kún inú rẹ̀.

N kò sọ pé nǹkan kì í ṣàdédé wá. Ó máa ń wá, mo sì mọ adùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, nínú bọ́ọ̀sì tí ó ń lọ láti Òjóta sí Ìbàdàn, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lórí fóònù pé: “Bí ó bá tún pè, má sọ fún un pé mo ti kó kúrò. Sọ pé mo lọ sọ́jà.” Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí mo ń mú káàkiri. Fún ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń bi ọ̀rọ̀ náà léèrè: ta ni ó ń pè, ọjọ́ wo ni obìnrin náà ti kúrò, kí ni ó kó dání? Ìgbà mẹ́rin ni mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí pé obìnrin náà ni mo ń tẹ̀ lé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń fọ aṣọ, ó kàn yé mi pé ìtàn náà kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ rárá. Ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó fi sílẹ̀ nínú ilé ni ó wà, ọmọ tí ó ń gbé fóònù, tí ó sì ń fi ojoojúmọ́ sọ pé ìyá òun lọ sọ́jà. Ọwọ́ mi kún fún ọṣẹ nígbà náà. Bí mo bá sọ fún yín pé ojú ọpọ́n aṣọ ni ìmísí ti bá mi, n kò parọ́, ṣùgbọ́n mo ti fo ọ̀sẹ̀ méje àti ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́rin tí ó bàjẹ́ dá.

Ohun tí ó burú jù nínú ìgbàgbọ́ yìí, lójú tèmi, ju pé ó ń sọni di ọ̀lẹ lọ. Ó ń mú kí òǹkọ̀wé fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń retí ohun tí yóò ti òkè wá kì í wo ilẹ̀. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀, yóò ti fèrèsé kí ariwo má bàa dí ìmísí lọ́wọ́. Mo ti ka ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Mushin tí wọ́n dàgbà sí Mushin, tí gbogbo ènìyàn inú ìtàn wọn ń gbé New York, nítorí pé Mushin kò jọ ohun tí a lè mí síni.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin mi. Mo ní kí ó gbàgbé ìtàn, kí ó kàn sọ ohun tí ó ṣe níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà fún mi. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìwé ètò ìsìnkú lásán ni. Mo ní kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ pé ìdílé kan mú iṣẹ́ wá, tí wọ́n sì jẹ́ kí òun tún ojú ewé orúkọ àwọn ọmọ olóògbé ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àkọ́bí ọkùnrin ní kí a yọ orúkọ kan kúrò. Ní ọ̀sán, obìnrin kan tí ó wọ aṣọ dúdú wá, ó ní kí a dá a padà, ó sì sanwó lé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àkọ́bí náà tún ti pè.

Mo béèrè pé orúkọ ta ni. Ó ní òun kò rántí mọ́, àti pé kì í ṣe ohun tí ó kan òun. Lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà.