Àtúnṣe: Amẹ́ríkà kò fòfin de ọkọ̀ òfurufú àfiṣeré

Ohùn kan ń kiri orí WhatsApp ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní Amẹ́ríkà ti fòfin de ọkọ̀ òfurufú àfiṣeré, pé ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá gbé e fò. Irọ́ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ní oṣù Kejìlá 2015, àjọ FAA tó ń bójú tó òfurufú Amẹ́ríkà ní kí ẹni tí ọkọ̀ àfiṣeré rẹ̀ bá wúwo ju gíráàmù 250 lọ wá forúkọ sílẹ̀. Dọ́là 5 péré ni, fún ọdún 3. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un, á kọ ọ́ sára ọkọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ọkọ̀ àfiṣeré fò níbẹ̀, John Taylor, pe FAA lẹ́jọ́, ó sì jàre ní oṣù Karùn-ún 2017. Kí ọdún yẹn tó parí, òfin tuntun ti dá ìforúkọsílẹ̀ náà padà. AMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé ọkọ̀ àfiṣeré fò ní Amẹ́ríkà láti 1936, ṣì ń gbẹnu sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Fóòmù inú páálí tẹlifíṣàn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi gbẹ́ apá ọkọ̀ tirẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ohùn yẹn ló ṣẹ́ ẹ sí méjì.

Òfin Amẹ́ríkà kò dé Ìjẹ̀bú. Ní ti dírónù níbí, àjọ NCAA tó ń bójú tó òfurufú Nàìjíríà àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò ni kí ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sì gbé ohunkóhun fò nítòsí pápákọ̀ òfurufú Ìpẹru, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ẹ fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí.