Lyman Trumbull àti ihò tó wà nínú òfin tó dá ẹrú sílẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ òmìnira ẹrú ní Amẹ́ríkà bá ti délẹ̀, Lincoln ni gbogbo ayé ń dárúkọ. Lójú tèmi, Lyman Trumbull, lọ́yà láti Illinois, ló yẹ ká bi léèrè. Kọ̀mítì Sẹ́nétì tó jẹ́ alága fún ló kọ òfin náà, ìyẹn Àtúnṣe Kẹtàlá sí òfin ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn náà ló fi ihò sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹjọ́ Jarrot ti 1845 ló fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn. Àwọn ìdílé Faransé tó pẹ́ ní Illinois ṣì ń ní ẹrú nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin 1787 ti ka ẹrú léèwọ̀ ní agbègbè yẹn. Trumbull gbèjà Joseph Jarrot, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n mú lẹ́rú, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n sì dájọ́ pé ọmọ tí ẹrú Faransé bí lẹ́yìn 1787 kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni.

Ní 1855, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń yan sẹ́nétọ̀, kì í ṣe aráàlú. Ìbò 5 péré ni Trumbull fi bẹ̀rẹ̀. Ti Lincoln lé ní 40. Àwọn 5 yẹn ò yẹsẹ̀. Nígbà tí Lincoln rí i pé Matteson, gómìnà Illinois, fẹ́ gbé e lọ, ó ní kí àwọn èèyàn òun dìbò fún Trumbull, ló bá fi 51 wọlé.

Nígbà tó di 1864, tí wọ́n ń kọ òfin ìdásílẹ̀ náà, Sumner, sẹ́nétọ̀ láti Massachusetts, fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé gbogbo èèyàn dọ́gba níwájú òfin. Kọ̀mítì Trumbull kọ̀. Ọ̀rọ̀ inú òfin 1787 ni wọ́n gbé jáde, torí kóòtù ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ọgbọ́n lọ́yà ni, mi ò bá a jiyàn. Sẹ́nétì fọwọ́ sí i, 38 sí 6. Àmọ́ òfin àtijọ́ yẹn nírù: kò sí ẹrú mọ́, àyàfi bó bá jẹ́ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kóòtù ti dáni lẹ́bi fún. Sumner ta ko ìrù yìí, wọn ò gbọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú tẹ́lẹ̀, gbà wọlé. Wọ́n sọ àìníṣẹ́lọ́wọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n á mú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e lórí. Bí kò bá rí i san, ẹni tó bá bá a san án ló máa lò ó. Nígbà tó yá, ìjọba fúnra wọn ń fi ẹlẹ́wọ̀n háyà fún olóko àtàwọn tó ń wa èédú, owó ń wọlé.

Àwọn kan ń bú Trumbull torí ìbò 1868 tó fi gba Ààrẹ Johnson sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́ nípò. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni pé nígbà tó gbé òfin ẹ̀tọ́ ará ìlú kalẹ̀ ní 1866, tó mọ ohun tí Gúúsù ń ṣe, tó tìtorí rẹ̀ kọ òfin ọ̀hún, ìrù yẹn kan náà ló tún so mọ́ ọn.