Kò Sí Iye Ojú Tó Jẹ́ Ti Búláńkẹ́ẹ̀tì Ọmọ

"Mọ̀mí, ṣéènì mélòó ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?" Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ wọ Abuja báyìí, ìbéèrè yẹn ló máa ń kún fóònù mi, látọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi crochet hun búláńkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn híhun wúùlù pẹ̀lú pínnì tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀. Ṣéènì ni ojú tá a máa ń so tò láti fi bẹ̀rẹ̀ aṣọ. Ẹni tó ń béèrè sì ti ní ìdáhùn lọ́kàn tẹ́lẹ̀: 150 fún ọmọ ọwọ́, 300 fún bẹ́ẹ̀dì àgbà. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n kan, ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, bó ṣe di òfin nìyẹn.

Èmi náà gbà á gbọ́ rí. Nígbà tí àbúrò mi bímọ ní Jos, níbi tí òtútù kì í ti í bá èèyàn ṣeré, mo ra wúùlù tó nípọn dáadáa ní ọjà Wuse, mo ṣe ṣéènì 150, mo jókòó ti iṣẹ́. Nígbà tí mo dé ìlà kẹfà, mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Ó ti fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ! Mo ní bóyá ó máa sún kì tó bá yá. Kò sún kì. Kí n tó hun ún dé ìdajì, wúùlù ti tán. Mo padà sí Wuse, àwọ̀ ewé tí mo bá níbẹ̀ ò bá tèmi mu, torí nọ́ńbà aró tó wà lára bébà rẹ̀ yàtọ̀. (Ẹ máa wo nọ́ńbà yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó o.) Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, aṣọ ò tíì parí. Mo tú u palẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ 150 ò purọ́ ṣá. Bí wúùlù ẹ bá tín-ín-rín, tí ojú 5 ń gba ínǹṣì kan lọ́wọ́ ẹ, 150 á fún ọ ní ínǹṣì 30, ọmọ á sì bo ara ẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ tiẹ̀ ló sọ. Wúùlù tèmi nípọn, ojú 3 péré ló ń gba ínǹṣì kan, ni 150 bá di ínǹṣì 50. Iye ojú kì í ṣe ti búláńkẹ́ẹ̀tì. Ti ọwọ́ tó ń hun ún ni, ti pínnì, àti ti wúùlù.

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe rèé, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń kùn. Mú wúùlù tó o máa lò gan-an, mú pínnì tó o máa lò gan-an, ṣe ṣéènì bíi 25, kó o sì hun ún títí yóò fi ga tó ínǹṣì 6. Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, torí aṣọ tí omi ò tíì kàn lè yí padà tó o bá fọ̀ ọ́ tán. Tẹ́ ẹ sórí tábìlì, má fà á. Àárín ni kó o gbé téèpù lé, má gbé e sí etí, etí máa ń ká kò. Ka ojú tó wà nínú ínǹṣì 4. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tèmi jẹ́ 14, ìyẹn mẹ́ta àbọ̀ nínú ínǹṣì kan. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Kubwa lo wúùlù kan náà, pínnì kan náà, tiẹ̀ jẹ́ 16, torí ọwọ́ ẹ̀ le. Fún ínǹṣì 30, èmi á hun ojú 105, òun á hun 120. Bó bá gba 105 tèmi, aṣọ ẹ̀ á fi nǹkan bí ínǹṣì 4 dín.

Bó o bá fẹ́ gbá etí rẹ̀ ní ínǹṣì 2 yíká, yọ ínǹṣì 4 kúrò nínú 30 kó o tó ṣírò: 26 lọ́nà mẹ́ta àbọ̀, 91. Bí iṣẹ́ ọnà rẹ bá ń tún ara ẹ̀ ṣe ní ojú mẹ́fà mẹ́fà, tó sì fẹ́ ẹyọ kan sí i lẹ́yìn, 91 bọ́ sí i gẹ́lẹ́, torí 90 gba 6 láìṣẹ́kù. Orí ló bá mi ṣe é níbẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà lo máa fi ojú méjì tàbí mẹ́ta kún un tàbí kó o yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà lo máa wá fi ṣéènì tí a fi ń yí padà lé e, ìyẹn ṣéènì díẹ̀ tá a máa ń ṣe láti fi bẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn.

Àwọn kan ní àwọn ò nílò ìṣirò, pé téèpù làwọn máa gbé lé ṣéènì títí tó fi tó. Ṣéènì máa ń fà bó o bá fà á, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń fún un le ju ara aṣọ lọ. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ búláńkẹ́ẹ̀tì ká kò bí ẹnu àpò. Fi pínnì tó tóbi díẹ̀ ju èyí tó o fi ń hun ara aṣọ lọ ṣe ṣéènì. Èyí tí téèpù nìkan tó fún ni èyí tá a bẹ̀rẹ̀ láti àárín, tó ń fẹ̀ yíká. Ìyẹn, o kàn ń hun ún títí tó fi tó.

Ẹ tún ṣọ́ra fún fídíò. Irú ojú tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní double crochet, treble ni wọ́n ń pè é ní Ìlú Ọba. Double crochet ti Ìlú Ọba kúrú sí i. Bó o bá da méjèèjì pọ̀, iye ìlà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ò ní gbé ọ dé ibi tó ò ń lọ.

Èyí tó ń jẹ owó jù ni ti "ìlọ́po méjì", bí wọ́n ṣe ní 150 fún ọmọ, 300 fún àgbà. Búláńkẹ́ẹ̀tì ọmọ, ínǹṣì 30 sí 36. Sọ ìbú àti gígùn di ìlọ́po méjì, ó di 60 sí 72, wúùlù tó máa gbà di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ti ọmọ bá gba róòlù 5, tàgbà á gba 20. Oníbàárà tó mú owó róòlù mẹ́wàá wá kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Bẹ́ẹ̀dì six by six sì jẹ́ ínǹṣì 72 ní fífẹ̀. Bó o bá fẹ́ kó rọ̀ ní ínǹṣì mẹ́wàá lọ́tùn-ún lósì, 92 ni, ojú 322 lọ́wọ́ tèmi.

Èyí tí mo tú yẹn, ojú 90 ni mo fi tún un hun. Àwọ̀ ewé kejì ni mo fi gbá etí ẹ̀, bíi pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ó ṣì ń wọ́ ọ kiri ilé ní Jos.