Èsì wa fún Màmá tó kun ilẹ̀kùn mẹ́fà kí Iléyá tó dé

Màmá wa, ẹ kú ilé o, ẹ kú àlejò, ẹ sì kú ìnáwó Ojúde Ọba. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa ṣọ́ọ̀bù wa n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, mo sì ti wo fọ́tò mẹ́ta tí ẹ fi sí i dáadáa. Ẹ ní ẹ ra ọ̀dà gúlọ́ọ̀sì funfun, búrọ́ọ̀ṣì àti tépù lọ́wọ́ wa láti fi kun ilẹ̀kùn mẹ́fà inú ilé kí àwọn ọmọ tó ti Èkó dé. Ọ̀dà kó sínú híńjì, irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù, ilẹ̀kùn yàrá méjì wá ń ké. Tépù bó ọ̀dà kúrò lára igi, ó sì fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ lára ọwọ́ ilẹ̀kùn onídẹ. Ti ilé ìwẹ̀, tí pẹ́ńtà yín tilẹ̀ tú sílẹ̀ kó tó kùn ún, òun gan-an ni kò padé mọ́. Ẹ ní ọ̀dà wa ayédèrú ni, ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì.

Ní ti tépù, àwa la jẹ̀bi. Bí mo ṣe rí i tó ń dán nínú fọ́tò ni mo ti mọ̀ pé tépù páálí ni, èyí tí wọ́n fi ń lẹ ẹnu katọ́ọ̀nù. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ le, kò yẹ kó kan idẹ tàbí igi tí ẹ fẹ́ kùn rárá. Tépù bébà ló yẹ kí wọ́n fún yín, aláwọ̀ bíi wàrà, tí èèyàn lè fọwọ́ ya láìlo sísọ́ọ̀sì. Mo bi ọmọ tó tà á fún yín. Ó ní tépù bébà ti tán níwájú, òun sì rò pé iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ tépù bébà kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù o. Èmi ni mi ò kọ́ ọ, torí náà èmi ni kí ẹ bá wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ṣùgbọ́n ká ní tépù bébà ni wọ́n fún yín, màá ṣì ti bẹ̀ yín kí ẹ tú híńjì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn kúrò kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan ilẹ̀kùn. Oríkèé híńjì kò ṣeé fi tépù dì. Ó rí roboto, ó ní àlàfo tín-ín-rín láàárín, ibẹ̀ sì ni ọ̀dà máa ń gbà wọlé. Tó bá gbẹ síbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ló máa fọ́ wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ á há sí ìdí pínnì, irin gbọọrọ tó wà láàárín híńjì. Ohun tó ń ké létí yín nìyẹn. Èyí tó dí ojú sukúrúù tún nira jù, torí lọ́jọ́ tí káfíńtà bá fẹ́ tú u, irin ìtúsukúrúù ò ní ríbi dì mú.

Ẹni méjì ló ń tú ilẹ̀kùn, kì í ṣe ẹnì kan. Wọ́n á fi pátákó pẹlẹbẹ ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ látorí híńjì ìsàlẹ̀, ti òkè ló ń kẹ́yìn. Tí wọ́n bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn á fà síwájú, á fa sukúrúù ìsàlẹ̀ ya mọ́ igi. Híńjì kọ̀ọ̀kan àti sukúrúù rẹ̀, inú ọ̀rá kan náà, kí ẹ fi bírò kọ ọ́ sí i lára: yàrá Màmá, òkè. Híńjì tó ti pẹ́ lójú kan ti mọ ibẹ̀, ó lè má bá ilẹ̀kùn míì mu.

Pẹ́ńtà yín tú ti ilé ìwẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo fọ́tò kẹta. Ó kun ibi tí káfíńtà gbẹ́ fún híńjì láti jókòó sí, lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dà yẹn ti gbé híńjì sókè díẹ̀, ilẹ̀kùn wá ń fara gbo férémù lódì kejì. Ibẹ̀ kì í gba ọ̀dà. Tí a bá ha á kúrò, ilẹ̀kùn á padé.

Tí híńjì bá ti dógùn-ún tí kò ṣeé tú, fásílìn díẹ̀ ni kí ẹ fi òwú pa sára irin nìkan, kó má kan igi, torí ọ̀dà ò ní mú níbẹ̀. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ nù ún kúrò, ọ̀dà á bá a lọ. Tépù bébà ní tirẹ̀, kí ọ̀dà tó le ni wọ́n ń ṣí i, díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti gbẹ mọ́ ọn, ẹ fi bíléèdì fa etí rẹ̀ ná.

Ibì kan ṣoṣo ni n kò ti gbà pẹ̀lú yín, Màmá: ọ̀dà náà kì í ṣe ayédèrú. Afẹ́fẹ́ ni gúlọ́ọ̀sì fi ń gbẹ, òjò sì ń rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ sọ pé ọjọ́ kan náà ni pẹ́ńtà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ojú ló gbẹ, abẹ́ ṣì tutù, ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ férémù. Ó yẹ kó sùn mọ́júmọ́ láàárín méjèèjì, nírú ojú ọjọ́ yẹn kó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí a máa ṣe rèé. Káfíńtà wa àti ọmọ tó ta tépù yẹn ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á tú àwọn híńjì, a óò rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná tó ní ọṣẹ ìfọṣọ títí ọ̀dà á fi rọ̀, ike la óò fi fọ̀ wọ́n. Ìkòkò tiwa la máa lò, torí ọ̀dà àtijọ́ tó wà lára wọn lè ní òjé, tó jẹ́ májèlé, nínú. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tí gọ́ọ̀mù bà jẹ́, a óò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kàn fi ọjọ́ tó rọ̀ yín lọ́rùn ránṣẹ́ sí wa. Kí a tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sánpépà tàbí kànìnkànìn onírin ha idẹ yẹn, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó, tó bá ti ṣí kò ṣeé dá padà.