Orin ta ni ẹ kọ fún wọn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ nípa orin ilẹ̀ tí wọ́n ṣì kọ fún South Sudan pé "àṣìṣe lásán ni, kí wọ́n gbàgbé ẹ", ẹ fara balẹ̀ ná. Ìgbà àkọ́kọ́ tí South Sudan máa gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Òlíḿpíìkì nìyẹn, ní Lille, ilẹ̀ France, July 28, 2024. Àwọn ọmọ náà tò, wọ́n ń retí orin ilẹ̀ wọn, àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ orin Sudan! Sudan tí wọ́n bá jagun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dá dúró ní 2011. Àwọn òǹwòran pariwo lé àwọn elétò lórí kí wọ́n tó pa orin náà.

Ẹ rántí Guor Marial, sárésáré ọmọ South Sudan. Ní London 2012, wọ́n ní kó bá Sudan sá eré máratọ́ọ̀nù, ó kọ̀ jálẹ̀, torí ogun yẹn ti pa mọ̀lẹ́bí rẹ̀ púpọ̀. Abẹ́ àsíá Òlíḿpíìkì ló ti sá tiẹ̀. Irú egbò yẹn lẹ wá ń fi ata sí.

Àwọn elétò tọrọ àforíjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ṣáájú, níbi ayẹyẹ ìṣíde, ṣebí South Korea náà ni wọ́n pè ní North Korea? Ṣé kò sẹ́ni tó ń yẹ nǹkan wò níbẹ̀ ni?

Puerto Rico tí wọ́n jọ gbá a lọ́jọ́ náà ló kúkú fara gbá a: 90 sí 79. Ẹ sì wò ó o, ilẹ̀ tí kò ní pápá alájùsáwọ̀n kan ṣoṣo tó ní òrùlé nígbà yẹn ló nà wọ́n bẹ́ẹ̀.