Mò ń bọ̀, Bàbá

Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri yàrá àwọn nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ wa pé kí gbogbo wa wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń fara balẹ̀, tí a sì ń mí kanlẹ̀, kí iṣẹ́ má baà tán wa lókun. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n fi í sí, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ òru mọ́jú yóò ti wọ́ọ̀dù kọjá síbẹ̀ lọ kọ́ bí a ti ń sinmi, ní àsìkò tó yẹ kó máa sùn. Mo lọ. Wọ́n ní kí a pa ojú dé. Mo pa á dé, n kò sì mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Ní òru tó ṣáájú, aláìsàn méjìlá ló wà lọ́wọ́ èmi nìkan, nítorí pé ẹnì kejì mi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò sì tíì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Ní nǹkan bí aago kan, bàbá àgbàlagbà kan ní, "Ọmọ mi, omi." Mo ní, "Mò ń bọ̀, Bàbá." Kí n tó yíjú, omi tí a ń fà sí ẹlòmíràn lára ti dúró, ẹ̀jẹ̀ ti ń padà sínú rọ́bà rẹ̀, ibi tí mo ti ń tún ìyẹn ṣe ni obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá Bàbá lóhùn láìkúrò lójú kan. Nígbà tí n óò fi dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti sùn lọ. Ife omi wà lórí tábìlì, ó kún dẹ́nu, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ìka wọn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Báwo ni n óò ṣe mí tí ife yẹn yóò fi sún mọ́ wọn?

Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ sọ ní ọdún 2019 pé wàhálà ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó bó ti yẹ ló ń fa irú àárẹ̀ yìí. Nínú ìwádìí tí Linda Aiken, olùwádìí nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìwòsàn 168 ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2002, aláìsàn kan ṣoṣo tó bá lé sí ti nọ́ọ̀sì ń fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu kí aláìsàn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó sì ń fi ìdá 23 kún ti àárẹ̀ nọ́ọ̀sì. Iye èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Àwọn tó ń sọ pé iṣẹ́ àánú ni iṣẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba mẹ́fà lọ́wọ́ mi.

Inú bí mi sí ẹnì kejì mi nígbà tó lọ. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó já wa jù sílẹ̀. Ní báyìí, lẹ́tà tèmi náà ti wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi láti ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ tí mo bá fi í lélẹ̀, ọwọ́ ọmọdébìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sán ni àwọn méjìlá náà yóò bọ́ sí. N kò tíì fún wọn, n kò sì tíì fà á ya.